Jet ski láti Santasi dé adágún Bosomtwe: Ta ni yóò sanwó bó bá kọlu apẹja?

Kò sí òkun ní Kùmásì. Ẹni tó ń gbé ní Santasi, àdúgbò tí ilé ẹ̀kọ́ girama Opoku Ware wà, ní láti rin ìrìnàjò tó lé ní 200 kìlómítà kó tó fojú kan etí òkun.

Síbẹ̀, omi kò jìnnà sí i. Nǹkan bíi 30 kìlómítà péré ni adágún Bosomtwe sí Kùmásì. Nítorí náà, ẹni tó bá ra alùpùpù orí omi tí gbogbo ayé mọ̀ sí jet ski kò nílò láti gbé e dé Accra kó tó gbádùn rẹ̀. Yóò gbé e sórí tírélà kékeré, yóò so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò sì gba ọ̀nà Kuntanase lọ sí Abono, ìlú tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbà dé etí adágún náà.

Bí ọlọ́pàá bá dá a dúró lọ́nà, ìwé ọkọ̀ àti ti tírélà ni wọ́n máa béèrè: ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé adójútòfò. Bó bá kó wọn jáde tí wọ́n sì pé, wọ́n á ní kó máa lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí jet ski náà bá ti kúrò lórí tírélà tó sì bọ́ sínú omi, kò sí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyẹn tó bá a wọ ibẹ̀. Tó bá kọlu ènìyàn níbẹ̀, àfi kí ẹni tó ni ín ti wá ìwé mìíràn sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi sanwó. Bí àpò náà bá sì gbẹ, ẹni tí wọ́n kọlù ló jẹ ìyà náà.

Ta ni ẹni tó lè fara gbá?

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òkúta ńlá kan tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn ló gbẹ́ kòtò tí adágún Bosomtwe wà. Ó rí ribiti, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 8, àwọn abúlé tó tó 30 sì yí i ká. Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO fi agbègbè náà sí ara àwọn ibi tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bo ohun abẹ̀mí inú rẹ̀.

Ìtàn tí àwọn Ashanti ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ní ní ọdún 1648, ọdẹ kan láti Asaman tó ń jẹ́ Akora Bompe àti ajá rẹ̀ lé ẹtu kan títí tó fi kó sínú omi kékeré kan, tí wọn kò sì rí i mọ́. Wọ́n gbà pé òrìṣà tó ni omi náà, Twe, ló gba ẹran náà là, àti pé ibẹ̀ ni ọkàn àwọn òkú ti máa ń wá dágbére. Kò yẹ kí ìtàn yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọdẹ ló wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe dé etí odò ní Òṣogbo náà, ẹni tó bá sì ti lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun rí kò ní béèrè ohun tó fà á tí omi fi lè ní èèwọ̀.

Èèwọ̀ Bosomtwe ni irin. Irin kò gbọdọ̀ kan omi náà, wọn kì í sì í fi ọkọ̀ ojú omi bíi ti ibòmíràn pẹja níbẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní padua ni apẹja máa ń jókòó lé tàbí dùbúlẹ̀ lé, ọwọ́ rẹ̀ tàbí èèkù igbá ló sì fi ń wa omi. Òde òní ti dẹ èèwọ̀ náà díẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì ti ń gbé àwọn àlejò kiri ní Abono. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo padua ṣì wà lórí omi.

Ẹ ro bí ọkùnrin kan ṣe máa rí lórí pákó yẹn láti ọ̀nà jíjìn. Ara rẹ̀ àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò ní iná, kò ní fèrè, kò sì ní ohun tó ga tí ojú lè tètè rí. Bí ìgbì bá gbé orí díẹ̀, ó ti bò ó mọ́lẹ̀.

Jet ski tó lè gbé ènìyàn mẹ́ta máa ń wúwo ju 300 kìlógíráàmù lọ kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, àwọn tó lágbára nínú wọn sì lè sá ju 100 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bíréékì. Èyí tó burú jù ni ohun kan tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún kì í mọ̀: omi tí ẹ̀rọ náà ń tú jáde lẹ́yìn ló ń yí i. Nígbà tí ẹni tó gùn ún bá jáwọ́ lára ohun tó fi ń fún un lépo, omi náà dín kù, ọwọ́ tó fi ń darí rẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀rù máa ń mú kí ènìyàn ṣe nígbà tó bá ṣàdédé rí nǹkan níwájú nìyẹn gan-an. Yóò jáwọ́, yóò yí ọwọ́, ẹ̀rọ náà yóò sì máa lọ tààrà sí ohun tó fẹ́ yà fún.

Ìforúkọsílẹ̀: DVLA kọ́ ni wọ́n ń lọ

Iṣẹ́ DVLA parí sí ojú títì. Ní Ghana, Ghana Maritime Authority, àjọ tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ àti ààbò ọkọ̀ ojú omi, àti ti òkun àti ti omi inú ìlú. Òfin ọkọ̀ ojú omi ti ọdún 2003 ló ń tẹ̀ lé.

Lóòótọ́, ọkọ̀ èrò ni gbogbo ènìyàn ń wò ní orílẹ̀-èdè náà, ó sì nídìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ènìyàn 15 ló kú nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé lórí adágún Volta ní agbègbè Kete Krachi, ọmọdé sì ni 11 nínú wọn. Lẹ́yìn irú èyí, tani yóò ráyè béèrè ìwé ẹ̀rọ ìgbafẹ́ olówó kan? Ibi tí àwọn tó ni jet ski ti ń yọ́ kọjá nìyẹn.

Ohun tí àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ níbi gbogbo máa ń béèrè kò le: ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà jẹ́ ti ẹni tó gbé e wá, ìwé pé ó sanwó ẹnubodè, àti pé ẹ̀rọ náà dára tó láti wọ omi. Lórí ti àkọ́kọ́ yìí ni wàhálà pọ̀ sí, pàápàá fún tòkunbọ̀ tó gba èbúté Tema wọlé.

Láti ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá ṣe ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí lẹ́tà àti òǹkà inú rẹ̀ jẹ́ 12. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, lápá ọ̀tún, ni ẹ ti máa rí i. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn sì ń sọ ọdún rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, tàbí tí kò bá èyí tó wà lórí ìwé mu, kí ẹni tó fẹ́ rà á tọ́jú owó rẹ̀ sápò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹrù olè, kò sì sí iléeṣẹ́ adójútòfò tí yóò fọwọ́ sí i.

Orúkọ náà tún máa ń da nǹkan rú. Jet Ski gan-an jẹ́ orúkọ ọjà iléeṣẹ́ Kawasaki. Ti Yamaha ni WaveRunner, Sea-Doo sì wà lọ́tọ̀. A ń pe gbogbo wọn ní jet ski bí àwọn ìyá wa ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ìwé ẹnubodè bá sọ ọ̀kan tí ara ẹ̀rọ sì sọ òmíràn, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ìṣòro mìíràn wọ́pọ̀ nínú ẹbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston ra ẹ̀rọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Santasi, àbúrò ló sì ń gùn ún. Ní Texas, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lórí ìwé tó gbà lọ́wọ́ Texas Parks and Wildlife Department. Ní Ghana, kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé àbúrò ló ni ín. Ìlànà adójútòfò kárí ayé sì ni pé ẹni tí òfò ohun kan kò lè dùn lápò kò lè ṣe adójútòfò fún un. Ìwé kékeré tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí, tó sọ pé òun ti gbé e fún àbúrò òun, lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Kùmásì mọ ohun tí ìwé lè dá sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé náà tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀ffà àti Ìlọrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bí ọmọ síbẹ̀, fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Jet ski kò tó nǹkan tí ènìyàn fi ń wé irú òfò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí tó bá ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu bàbá àgbà kì í sábà sọ pé ìwé kò ṣe pàtàkì.

Adójútòfò wo ló yẹ?

Láti ọdún 1958, ọdún kan lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira, ni òfin ti sọ pé kò sí ọkọ̀ tó gbọdọ̀ rìn lójú títì láìní adójútòfò ẹni kẹta. Ọ̀rọ̀ títì ni òfin náà sọ. Ìwé tó wà fún ọkọ̀ tó ń wọ́ tírélà lè kan ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì so tírélà mọ́ ọn. Kò kan ohun tí jet ski bá ṣe láàárín adágún.

Ohun tó yẹ láti béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ni ti ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Ọ̀kan wà fún ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: bí olè bá gbé e, bó bá jóná, bó bá rì tàbí tó fọ́. Èkejì wà fún ẹni kẹta: ẹni tí wọ́n kọlù, ohun ìní rẹ̀ tó bàjẹ́, owó ìtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, àti ohun tí ilé ẹjọ́ bá ní kí wọ́n san.

Ti àkọ́kọ́ ló máa ń wu ènìyàn láti rà, nítorí owó tó fi ra ẹ̀rọ náà ṣì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n òfò ẹ̀rọ ní ibi tó mọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá rì sísàlẹ̀ adágún, iye tó fi rà á náà ni. Apẹja tó bá pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ fún oúnjẹ fún ọgbọ̀n ọdún sí i, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí owó rẹ̀ máa dé. Bí owó bá pọ̀ fún ènìyàn láti ra méjèèjì, ti ẹni kẹta ni kó mú.

Àwọn ohun kan wà tí ìwé adójútòfò kì í sábà gbà, wọ́n sì máa ń wà ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ìdíje eré sísá wà lára wọn. Ẹni tó mu ọtí kó tó gùn ún wà lára wọn, àti ọmọdé tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Èyí tó máa ń mú àwọn ènìyàn jù ni ti owó. Ẹni tó ra adójútòfò ìgbafẹ́, tó wá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àlejò ní Abono kí wọ́n lè gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti kúrò nínú ìgbafẹ́, ó ti bọ́ sínú òwò. Bó ṣe owó epo nìkan ló ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ san, iléeṣẹ́ adójútòfò lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò fi pawó sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tó máa san yóò ga, ṣùgbọ́n ìwé náà yóò wúlò lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó náà ṣe kókó. Ìwé tó sọ Bosomtwe lè má tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà dé Volta. Bẹ́ẹ̀, omi méjèèjì kò jọra rárá. Nígbà tí dáàmù Akosombo parí ní ọdún 1965, igbó ni omi bò mọ́lẹ̀, kùkùté igi tó kù lábẹ́ omi sì ń dá ọkọ̀ lu títí di òní.

Ọ̀rọ̀ iye owó ẹ̀rọ náà tún wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kábàámọ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra jet ski, sídì ni wọ́n fi ń ṣe adójútòfò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ kan tó 100,000 sídì lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kọ 50,000 sílẹ̀ kí owó tó máa san lè dín kù. Bí ìjàǹbá bá ba nǹkan jẹ́ lára rẹ̀ tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 20,000, iléeṣẹ́ náà lè san 10,000 péré, nítorí ìdajì ẹ̀rọ ló ṣe adójútòfò fún. Kì í ṣe ìrẹ́jẹ; àdéhùn tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwìn kò sí. Ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2013, àti ní Ghana láti oṣù Kẹrin ọdún 2014, ìlànà ni pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní adójútòfò kankan, kódà bí ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Èkó àti lókè òkun ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tó ni omi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ ìjọba àpapọ̀ NIWA àti LASWA ti ìjọba Èkó fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ní àṣẹ lórí omi inú ìlú. Ẹni tó ń gbé jet ski lọ sí Ilashe tàbí Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìdájọ́ yìí kó tó mọ ọ́fíìsì tí yóò kàn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, òṣèré Nollywood, Junior Pope Odonwodo, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Anambra, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Kò wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Fídíò kan tó ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tó ti ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra, kárí gbogbo ayélujára. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá ọkọ̀ kékeré ní ìwé.

Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni òfin ti pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní England sọ pé jet ski kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi lójú òfin tí wọ́n fi pe ẹnìkan lẹ́jọ́, nítorí wọn kì í fi rin ìrìnàjò láti ibì kan sí òmíràn. Eré ni wọ́n ń fi ṣe. Ó lé ní ọdún 17 kí ìjọba tó dí ihò yẹn. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2023, ẹni tó bá fi jet ski wu ẹ̀mí ènìyàn léwu ní Britain lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ní Amẹ́ríkà, ìforúkọsílẹ̀ le ju adójútòfò lọ. Arkansas àti Utah ni òfin ti fi dandan mú adójútòfò ẹni kẹta fún jet ski. Texas kò fi dandan mú un, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993 síwájú gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kó tó gùn ún níbẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ yẹn dára láti mú dání lọ bá iléeṣẹ́ adójútòfò ní Kùmásì, nítorí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó ń gùn ún mọ̀ ọ́n.

Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀

Ènìyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà là, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àgọ́ ọlọ́pàá, kí ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Fọ́tò ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ara jet ski, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n pe iléeṣẹ́ adójútòfò kíákíá, nítorí ìwé náà máa ń ní iye ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn. Kí ẹni tó gùn ún má sì ṣèlérí iye owó kankan fún ẹbí apẹja kó tó bá wọn sọ̀rọ̀: iléeṣẹ́ náà lè sọ pé ẹni tó ṣèlérí ni kó san án.

Ní abúlé etí omi, ọ̀rọ̀ náà yóò tún dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú, nítorí omi náà ní olórí, ó sì ní èèwọ̀. Adójútòfò kì í san owó ètùtù. Ohun tó lè san ni owó ilé ìwòsàn, àwọ̀n tó ya, pákó padua tó fọ́, àti owó ọjọ́ tí apẹja náà kò fi lè lọ sí orí omi. Kí ìdílé apẹja tọ́jú gbogbo rìsíìtì ilé ìwòsàn láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sì wá ẹnìkan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè jẹ́rìí sí iye tó máa ń pa lójúmọ́.